Ọkọ̀ Tí Kì Í Mumi Ní Gbangba

Mo ti fi eyín kan sípánà báyìí, mo sì fi irin búra: òótọ́ ni ìtàn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Òótọ́ ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ẹ̀yìn àárín. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ olóyè láìfi iyọ̀ díẹ̀ sí i, àwọn tó ń gbọ́ ọ á sùn lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Ibì kan péré ni mo ti yí i, màá sì jẹ́wọ́ ibẹ̀ kí n tó dìde, nítorí irin kì í gbàgbé ẹni tó fẹnu kàn án.

Ní ọdún 1995, nígbà tí àwọn ológun wà lórí àlééfà, tí ìwé pélébé kan láti Òṣogbo lè sọ ẹni tí kò já mọ́ nǹkan kan láàárọ̀ di òrìṣà kó tó di ọ̀sán, wọ́n fi Olóyè Adémúyìwá ṣe Ọ̀gá Àgbà Àjọ Omi Abúlé ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Iṣẹ́ àjọ náà kò le: kí wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí àwọn abà tí kò ní omi. Lẹ́yìn ọdún kan, wọn kò tíì gbẹ́ ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ra àga ọ̀gá, wọ́n ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí ọ́fíìsì, wọ́n sì ti ra ọkọ̀.

Ẹ wo ọkọ̀! Dúdú ni, ó ń dán, ó sì gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀. Tòkunbọ̀ ni. Ẹnì kan ti gùn ún títí ó fi sú u lókè òkun kó tó di pé wọ́n kó o wá sí Èkó. Awọ ni ìjókòó rẹ̀, iná ló ń gbé fèrèsé rẹ̀ lọ sókè sódò, ẹ̀rọ tó ń mú inú rẹ̀ tutù sì ń fẹ́ bí ọyẹ́. Olóyè gbé e pa mọ́ fún ọjọ́ méje, ó sì sọ ọ́ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ bí ọmọ tuntun. Orúkọ tó fún un ni Arẹwà-Kì-Í-Làágùn. Alfred, akọ̀wé Olóyè, ló gbé oyin àti iyọ̀ káàkiri kí àwọn àlejò lè tọ́ ọ wò. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọlọ́jọ́ ìkómọ, ó fi ìka kan oyin, ó sì fi ra báńpà iwájú. Gbogbo èèyàn ṣe àmín.

Kò pé oṣù méjì, Arẹwà-Kì-Í-Làágùn bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

Iwájú ọjà ló ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, lọ́sàn-án gangan. Èéfín funfun rú jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Jóṣúà, awakọ̀ rẹ̀, sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí i sílẹ̀, ó sì bu omi sí rédíétọ̀ bí awakọ̀ gbogbo ti ń ṣe. Àwọn ọmọdé pé lé wọn lórí. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọkọ̀ Olóyè ń se ẹ̀bà!" Olóyè wà nínú ọkọ̀, ó gbọ́ ọ kedere.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sí ìta ọ́fíìsì.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi," ló wí, "ta ló ti rí ọba rí níbi tó ti ń jẹun?"

"Kò sí, sà!"

"Bí ọba bá fẹ́ mumi láàárín àwùjọ, kí ni wọ́n ń ṣe?"

"Wọ́n ń fi aṣọ bò ó, sà!"

"Ẹ wá jẹ́ kí ọkọ̀ mi yanu sílẹ̀ níwájú ọjà, kí gbogbo ayé máa wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀! Kí àwọn ọmọ tí imú wọn ń ṣàn máa ka eyín rẹ̀!"

Alfred yọ ańkáṣíìfù, ó sì bú sẹ́kún. Ẹkún Alfred yá bí omi ẹ̀rọ, ìyẹn ni pé, bí omi ẹ̀rọ ìlú mìíràn. "Ọ̀gá wa, ẹ forí jì wá. A rò pé ọkọ̀ ni. Ojú wa kò là. Ààfin ni! Ààfin tó ní táyà ni!"

Bí òfin méjì ṣe jáde lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ìkíní, ọkọ̀ Ọ̀gá Àgbà kì í mumi ní gbangba. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, òṣìṣẹ́ mẹ́rin yóò na aṣọ àrán pupa yí iwájú rẹ̀ ká, ẹni tó ń bu omi fún un yóò sì gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí yóò fi mu tán. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, kànga ni wọ́n gbà wọ́n láti máa gbẹ́. Ìkejì, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ pé ọkọ̀ náà bàjẹ́, tàbí pé ó gbóná, tàbí pé ó ń hó. Ohun tí wọn yóò máa wí ni pé, "Ọkọ̀ ń ronú." Ọ̀gbẹ́ni kan gbàgbé, ó ní ó ń hó. Wọ́n gbé e kúrò ní ẹ̀ka ẹ̀rọ, wọ́n sì gbé e lọ sábẹ́ igi máńgòrò tó wà ní ọgbà, kó máa ka èyí tó bá jábọ́. Ó ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ìtàn yìí parí, àkókò máńgòrò sì ti kọjá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ìtàn yìí lè máa rò pé ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń gbóná á dín ẹrù rẹ̀ kù. Ẹ kò mọ Olóyè. Ó mú ọkọ̀ náà lọ sí Èkó, ó ní kí wọ́n so iná aláwọ̀ búlúù mọ́ ọn lórí, kí wọ́n gbé fíríìjì kékeré sí ẹ̀yìn ìjókòó, kí wọ́n sì fi sáírínì sí i. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà fi ọ̀sán kan ṣoṣo parí rẹ̀, ó ń wo aago bó ṣe ń ṣe é. Sáírínì ọ̀hún ń ké bí ewúrẹ́ tí ilẹ̀kùn há lọ́rùn. Olóyè tún pàṣẹ pé kí Jóṣúà má ṣe sáré mọ́. "Ẹni tí gbèsè ń lé ló ń sáré," ló wí. "Máa rọra fà á, kí ojú lè yó." Láti ìgbà náà, bí Arẹwà-Kì-Í-Làágùn bá ń kọjá, àwọn àgbàlagbà tó ń fi ọ̀pá rìn máa ń yà á sílẹ̀.

Ó wá ń ronú lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́.

Ibi tí Tàófíìkì ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Rẹ́wáyà ni Tàófíìkì, ẹni tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe. Òpó mẹ́rin àti páànù ògbólógbòó ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ̀bá ọ̀nà tí Olóyè ń gbà lọ sí ọ́fíìsì ló sì wà. Ọdún mọ́kànlá ló ti wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ Jàmíátù, aránṣọ tó ń lo ìdajì ṣọ́ọ̀bù náà; ibẹ̀ ni ọmọ wọn, Sàrátù, ti kọ́ ìrìn, tó ń di òpó mú. Bí ẹ bá mú ṣọ́ọ̀bù yẹn kúrò, kò sí ohun tó kù fún wọn ní Ìlá ju ìkíni ẹ káàárọ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Ajé kan, Jóṣúà fa ọkọ̀ náà dé iwájú ṣọ́ọ̀bù. Olóyè wà lẹ́yìn, Alfred wà níwájú, àwọn aláṣọ àrán sì fi ẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé wọn.

"Ṣé ìwọ ni rẹ́wáyà?" Alfred béèrè.

"Èmi ni, sà."

"Ọkọ̀ Ọ̀gá wa ń ronú ju bó ṣe yẹ lọ. Wo ohun tó ń rò."

Tàófíìkì wo Jóṣúà. Jóṣúà wo òkè. "Ṣé ó ń gbóná ni?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Alfred pariwo. "Mo ní ó ń ronú!"

Wọ́n na aṣọ yí iwájú ọkọ̀ ká, wọ́n tún fi ọ̀kan bo òkè, wọ́n sì ní kí Tàófíìkì wọlé sábẹ́ rẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, ènìyàn ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ aṣọ àrán pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́. Ó gbé gílóòbù tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá iná wà nínú wáyà sẹ́nu, ó ń fi ọwọ́ wá wáyà bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú àgbàdo. Ó yẹ bátìrì wò, ó dára. Ó yẹ rédíétọ̀ wò, kò jò. Ó wo fáànù tó ń fẹ́ rédíétọ̀, ó ń yí wìì-wìì, kò sí àléébù kankan lára rẹ̀. Ó dúró. Ọkọ̀ tutù bí ojú òkú.

"Kò sí ohun tó ń ṣe é," ló wí látinú òkùnkùn.

Àkókò yẹn gan-an ni alákòóso ilé-ìwé kan ń kọjá, tí Olóyè sì fẹ́ kó mọ̀ pé òun wà níbẹ̀. Ó ní, "Jóṣúà, kí i fún mi." Jóṣúà tẹ bọ́tìnnì. Sáírínì ké.

Lábẹ́ aṣọ, fáànù dúró.

Tàófíìkì gbé etí sílẹ̀. Sáírínì dákẹ́, fáànù tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí. "Ẹ tún fọn ọ́n, sà!" ló pariwo. Inú Olóyè dùn, ó rò pé ohùn náà wu rẹ́wáyà. Wọ́n fọn ọ́n. Fáànù dúró. Tàófíìkì tọ wáyà náà láti ìdí dé orí, ó rí ibi tí ẹni Èkó ti bó o bí ìrèké, tó sì lọ́ ti sáírínì mọ́ ọn. Ó jáde, òógùn bò ó, ó sì dọ̀bálẹ̀.

"Sà, mo ti rí i. Fáànù àti sáírínì ń jẹun nínú abọ́ kan. Wáyà kan ṣoṣo ló ń gbé iná fún àwọn méjèèjì, sáírínì sì lágbára jù. Bó bá ti ń ké, kò sí ohun tó kù fún fáànù. Ẹ sì tún ń rọra rìn, atẹ́gùn ọ̀nà kò fẹ́ ẹ. Ẹ fún mi ní ìdajì ọjọ́ péré, màá fa wáyà tirẹ̀ fún sáírínì. Tàbí kẹ̀, kí ẹ má fọn ọ́n mọ́."

 Jóṣúà mi orí díẹ̀díẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó rántí owó oṣù rẹ̀, ó sì dá orí dúró.

"Ìdajì ọjọ́!" Olóyè wí. "Kí n wá fi kí lọ sí ọ́fíìsì?" Láti ilé rẹ̀ dé ọ́fíìsì, ẹ lè ju òkò kí ó bà á.

Alfred tẹ̀ síwájú. "Ọ̀gá, ṣé ẹ gbọ́ ohun tó ń wí? Ó ní kí ẹ dákẹ́. Ó ní kí ẹ gbé ohùn yín mì! Àwọn ọ̀tá ti débí ṣáájú wa."

Ojú Olóyè sì pọ́n. "Tẹ́tí sí mi, rẹ́wáyà. Ní Sátidé, à ń lọ ṣí kànga ẹ̀rọ wa àkọ́kọ́ ní abà Kájọlà. Aṣojú ìjọba ń bọ̀ láti Òṣogbo. Ìwọ náà á tẹ̀lé wa. Bí ọkọ̀ mi bá ronú ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kí a tó padà sílé, katapílà á gba orí ṣọ́ọ̀bù yìí kọjá ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e. Ó tilẹ̀ ti pẹ́ tó ti ń ba ojú ọ̀nà mi jẹ́."

Alfred ti gbé ọ̀dà pupa wá láti ilé. Ó fi kọ àmì àgbélébùú gbọọrọ sára páànù, ìyẹn àmì tí gbogbo ayé mọ̀ pé wíwó ni.

Jàmíátù dúró ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ títí wọ́n fi lọ. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bàbá Sàrátù, èmi ni mo rán aṣọ àrán yẹn. Wọ́n ní ti ìfilọ́lẹ̀ kànga ni. Mi ò mọ̀ pé ọ̀fun ọkọ̀ ni mo ń rán aṣọ fún."

"O rán an dáadáa, Ìyá Sàrátù. Atẹ́gùn kò wọ ibẹ̀ rárá. Ó kù díẹ̀ kí n kú."

"Ẹ kúkú gé wáyà sáírínì yẹn nígbà tí wọn kò bá wo ọ̀dọ̀ yín."

"Kí wọ́n wá ní mo ba ọkọ̀ ìjọba jẹ́? Ẹni tí wọ́n fẹ́ wó ilé rẹ̀ kì í gbé òòlù fún wọn." Ó wo àmì pupa náà. "Sàrátù bi mí pé ta ló kọ ọ́. Mo ní alágídí ni."

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ òótọ́ nípa kànga Kájọlà. Kò sí kànga níbẹ̀. Àjọ Omi Abúlé mọ ògiri kan sí àárín abà, wọ́n fi ọ̀dà búlúù kùn ún, wọ́n sì fi ẹnu ẹ̀rọ kan tó ń dán sí i. Ètò wọn ni pé kí píkọ́ọ̀pù gbé dúrọ́ọ̀mù omi mẹ́ta lọ sẹ́yìn ògiri náà ní àfẹ̀mọ́júmọ́, kí wọ́n gbé wọn sórí pákó, kí wọ́n fi rọ́bà so wọ́n mọ́ ẹnu ẹ̀rọ. Aṣojú á ṣí ẹ̀rọ, omi á dà, wọ́n á ya fọ́tò, gbogbo wọn á sì máa lọ sílé. Ètò náà mọ́gbọ́n dání. Bí Olóyè bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, ì bá yọrí sí rere.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Olóyè gbọ́ pé píkọ́ọ̀pù ń lọ ṣáájú, ó dìde lórí àga. "Ta ni yóò ṣáájú mi? Omi ni? Èmi ni Ọ̀gá Omi, àbí omi ni ọ̀gá mi?"

"Ẹ̀yin ni, sà," Alfred wí. "Omi kò tó bẹ́ẹ̀."

Nítorí náà, ní Sátidé, dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta tẹ̀lé e lẹ́yìn, Tàófíìkì sì jókòó lé ọ̀kan nínú wọn.

Láti ẹnu ọ̀nà ilé Olóyè ni sáírínì ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n la ìlú já bí ìgbín tí ń lọ síbi ìsìnkú ìgbín ẹgbẹ́ rẹ̀. Olóyè ń juwọ́ sí àwọn èèyàn. Ó juwọ́ sí ògiri kan náà. Wọn kò tíì kọjá ilé tó gbẹ̀yìn lójú ọ̀nà Ọ̀tan Ayégbajú tí èéfín fi rú.

"Ọkọ̀ ń ronú o!" Jóṣúà ké.

Àwọn mẹ́rin bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ wọn. Wọ́n dúró kó rọ̀ díẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi. Ẹ má gbàgbé òfin: ẹni tó ń bu omi gbọ́dọ̀ gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Báyìí ni wọ́n ń da omi sórí bátìrì, sórí báńpà, sórí ẹsẹ̀ ara wọn, tí ìwọ̀nba tó bá ṣe kòńgẹ́ sì ń wọ rédíétọ̀. Ohun tí omi gárawá méjì ì bá tó fún, dúrọ́ọ̀mù kan ló gbà.

Tàófíìkì rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Òkè ló wà níwájú wa yìí. Ẹ jẹ́ kí sáírínì sinmi títí a ó fi dé ibẹ̀. Bí a bá dé, kí ẹ fọn ọ́n."

Fèrèsé rọra sọ̀ kalẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù jáde, ohùn Olóyè tẹ̀lé e. "Ṣọ́ọ̀bù rẹ ti lọ. Mo sọ fún ọ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Lọ jókòó lórí dúrọ́ọ̀mù rẹ, kí o sì máa fi ojú inú wo ibi tí o ti ń ṣiṣẹ́." Fèrèsé tún gòkè.

Tàófíìkì padà lọ jókòó. Jóṣúà rí i nínú dígí, ó ní kò bínú. Ńṣe ló kàn ń fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Dúrọ́ọ̀mù kejì tán ní ìdajì òkè. Ẹ̀kẹta tán ní orí òkè, lẹ́yìn tí Olóyè fi sáírínì kí agbo màlúù kan.

Ní Kájọlà, gbogbo abà ti jókòó. Aṣojú ìjọba, Ìyáàfin Fọláṣadé, ti dé láti aago mẹ́sàn-án. Kò sí epo bẹntiróòlù fún ọkọ̀ ọ́fíìsì wọn, ó sì gun ọ̀kadà láti Ọ̀tan. Ó jókòó lábẹ́ igi pẹ̀lú ìwé lórí itan, eruku lára ìró. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Ìyádùnní wà, ìyá àgbà tó dàgbà jù ní abà náà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti odò dé pẹ̀lú gárawá omi kan. Ó gbé e sí àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ.

"Màmá, ṣé ẹ ti mu nínú omi ẹ̀rọ yìí?" Ìyáàfin Fọláṣadé béèrè.

"Wọ́n ní ká má fọwọ́ kàn án, kó má baà dọ̀tí," Ìyádùnní dáhùn.

Ní ẹnu abà, Olóyè ní kí wọ́n dúró. Alfred ti sọ fún un pé dúrọ́ọ̀mù ti gbẹ. Ó ronú, òun fúnra rẹ̀ ni mo ní o, kì í ṣe ọkọ̀. Ó ní àwọn á sọ̀rọ̀ gígùn, oòrùn á mú aṣojú, á sì lọ láì ṣí ẹ̀rọ. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó pe Tàófíìkì.

"Ìwọ. Ṣé ọkọ̀ yìí lè wọ abà pẹ̀lú ohùn rẹ̀?"

Tàófíìkì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, sà, ẹ má fọn ọ́n. Omi kò sí mọ́." Ìgbà kẹta rè é tó sọ òótọ́ fún un.

Olóyè rẹ́rìn-ín músẹ́. "Fọn ọ́n, Jóṣúà. Kí o sì yí abà yìí po lẹ́ẹ̀mẹta."

Ìyípo kìíní, àwọn ọmọdé pàtẹ́wọ́. Ìkejì, adìyẹ gun orí òrùlé. Ìkẹta, níwájú ògiri búlúù gan-an, Arẹwà-Kì-Í-Làágùn tú èéfín sókè bí ilé ìdáná ọlọ́tí, ó gbọ̀n, ó sì kú. Iná búlúù orí rẹ̀ tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó kú tẹ̀lé e. Àwọn mẹ́rin na aṣọ.

Olóyè jáde nínú agbádá tí wọ́n fi ṣítáàṣì sí tó fi ń dún. "Ẹ̀yin ará Kájọlà! Lónìí, òùngbẹ kú! Èmi Adémúyìwá ni mo pa á! Ẹni tí a bí fún omi, tí omi ń wárí fún…"

"Kí ló wà lẹ́yìn aṣọ yẹn?" Ìyáàfin Fọláṣadé ti dìde, ó ń bọ̀.

"Kò sí nǹkan kan, Mà! Ọkọ̀ ń… ó ń ronú ni, Mà." Olóyè sáré wọ inú aṣọ. "Jóṣúà, ṣí i kíá, kí èéfín yìí lè lọ!"

"Sà," Jóṣúà wí, "ọwọ́ yìí ni mo fi ń wakọ̀."

"Ẹ má ṣí i, ó gbóná!" Tàófíìkì pariwo látọ̀nà jíjìn. Gbogbo abà gbọ́ ọ̀rọ̀ èèwọ̀ náà.

Bóyá ọ̀rọ̀ èèwọ̀ náà ló bí Olóyè nínú. Ó fi apá agbádá wé ọwọ́, ó sì yí ìdérí rédíétọ̀ fúnra rẹ̀.

Ohun tó tẹ̀lé e, ẹ̀yìn aṣọ ló ti ṣẹlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin. Ariwo nìkan ni wọ́n gbọ́. Fìlà kan fò kọjá lókè. Àwọn aláṣọ ju aṣọ sílẹ̀, wọ́n sá, gbogbo ayé sì wá rí Ọ̀gá Àgbà Àjọ Omi Abúlé: omi ìpẹtà gbígbóná láti irùngbọ̀n dé orúnkún, èéfín ń yọ lára rẹ̀ bí ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Ṣítáàṣì ló gbà á là. Bí kì í bá ṣe agbádá líle yẹn, ìtàn mìíràn ni ì bá jẹ́. Ojú àti ọwọ́ ló ń ta á.

"Omi o!" ló ń ké, tó ń fò sókè. "Ẹ bá mi wá omi tútù! Omi o!"

Kò sí ẹni tó mira. Ìyádùnní nìkan ló nawọ́ sí ògiri búlúù. "Olóyè, ẹ̀rọ yín rè é níwájú yín. Ẹ ṣí i."

Ìrora kì í jẹ́ kí ènìyàn rántí irọ́ tó pa. Olóyè sáré dé ibẹ̀, ó tẹ orí ba, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì ṣí ẹ̀rọ náà dé òpin. Ẹ̀rọ wúkọ́. Eruku díẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà, aláǹtakùn kan jáde, ó wo ojú Olóyè, ó sì padà wọlé.

Gbogbo abà yíjú sí Ìyáàfin Fọláṣadé. Kó tó la ẹnu ni Alfred, tí àṣà ti wọ̀ lẹ́jẹ̀, ti ní:

"Omi ń ronú, Mà."

Ẹ̀rín tó sọ ní Kájọlà lọ́jọ́ náà, wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ dé Ìgbájọ. Ìyáàfin Fọláṣadé kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ sẹ́yìn ògiri, ó rí pákó, ó rí rọ́bà tí kò so mọ́ nǹkan kan. Ó lọ wo píkọ́ọ̀pù, ó fi ìka kan dúrọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, wọ́n dún gbọ̀ngàn. Ó béèrè ibi tí omi inú wọn lọ. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nawọ́ sí ọkọ̀. Ó béèrè ohun tó ń ṣe ọkọ̀, Tàófíìkì sì ṣàlàyé fún un. Nígbà tí ọkọ̀ tutù, Jóṣúà yí kọ́kọ́rọ́, Tàófíìkì sì mú ìyáàfin náà dúró níwájú fáànù: sáírínì ké, fáànù dúró, sáírínì dákẹ́, fáànù yí. Ìyáàfin náà ní kí wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn ará abà ń kà á sókè, "Ó dúró! Ó yí!" Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.

Ìyádùnní ti gbé gárawá rẹ̀ dìde nígbà náà. Ó fi igbá bu omi lé Olóyè lójú, ó tún bu omíràn lé e lọ́wọ́. "Ẹ rọra," ló wí. "Kìlómítà mẹ́rin ni mo fi orí rù ú. Èyí tó bá kù ni a ó fi sebẹ̀."

Kó tó di ọjọ́ Ajé, ìwé pélébé mìíràn ti dé láti Òṣogbo. Wọ́n ti ọ́fíìsì Olóyè pa, wọ́n sì ní kó wá sọ ohun tó ṣe fún odidi ọdún kan. Katapílà kò rí ẹni tó máa pàṣẹ fún un, kò sì wá. Ṣọ́ọ̀bù Tàófíìkì ṣì wà níbẹ̀. Kò pa àmì pupa náà rẹ́; bí àlejò bá ń béèrè ọ̀nà, wọ́n á ní kó máa lọ títí yóò fi rí páànù tó ní àgbélébùú. Arẹwà-Kì-Í-Làágùn, tí wọ́n wọ́ wá láti Kájọlà, wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà, adìyẹ ń yé sórí ìjókòó awọ rẹ̀, ó sì ti ní gbogbo àkókò láti ronú. Jàmíátù gba aṣọ àrán padà, ó fi rán búbà ọdún fún Sàrátù.

Ó ku ìjẹ́wọ́ mi, sípánà ti ń tutù lẹ́nu mi.

Mo ní Tàófíìkì dọ̀bálẹ̀ sínú eruku ní ẹnu abà, tó bẹ̀bẹ̀ nígbà kẹta. Kò dọ̀bálẹ̀, kò sì bẹ̀bẹ̀. Èmi ni mo fi ìyẹn sí i kí ẹ lè fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí Olóyè bi í pé ṣé ọkọ̀ lè wọ abà pẹ̀lú ohùn rẹ̀, ńṣe ló nu ọwọ́ rẹ̀ nínú àkísà, ó sì ní, "Ẹ fọn ọ́n, sà. Ẹ fọn ọ́n dáadáa, kí ẹni tó wà lóko náà lè gbọ́. Ọjọ́ yín ni."

Mo bi í léèrè nígbà tó sọ ọ́ fún mi pé kí ló dé. Kò gbé ojú kúrò lára wáyà tó ń bó.

"Ìgbà méjì ni mo sọ òótọ́ fún wọn, wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù mi san án," ló wí. "Nígbà kẹta, mo ṣe bí Alfred."